Ọdún Kan Nílẹ̀ Òkèèrè: Ẹ̀kọ́ Wo Ni Àwọn Ọ̀dọ́ Ń Mú Bọ̀ Wálé?

Ní oṣù October ọdún 1961, ọ̀dọ́bìnrin ará Amẹ́ríkà kan kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó wà lára àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni àkọ́kọ́ tí ètò Peace Corps rán wá sí Nàìjíríà, kò sì tíì pẹ́ tí ó gúnlẹ̀. Ẹ̀yìn káàdì kékeré kan ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí, irú èyí tí wọn kì í fi sínú àpòòwé. Ó sọ pé ìlú náà jẹ́ ìyanu lójú òun. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé inú ìdọ̀tí ni àwọn ènìyàn ń gbé, pé ojú títì ni wọ́n ti ń dáná tí wọ́n sì ti ń tajà, àti pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn gbà kò múra àwọn sílẹ̀ fún ohun tí àwọn bá pàdé.

Káàdì náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì pín in káàkiri. Ìbínú ru sókè. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì ní kí wọ́n kó àwọn àlejò náà padà sílé. Ọ̀dọ́bìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró.

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì kan fi dun àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn tó bẹ́ẹ̀? Ọdún kan péré ni Nàìjíríà tíì gba òmìnira nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ ìlú wọn, wọ́n sì mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó kọ káàdì yẹn kò tíì mọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ojú rẹ̀ rí. Bóyá obìnrin tí ó rí lẹ́bàá títì, tí ó ń fẹ́ iná, ni ó ń fi èrè ọjà rẹ̀ san owó ilé ìwé fún ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ka káàdì náà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tọ́wọ́ ẹni ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìtàn yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì gbó. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi ilé sílẹ̀ láti lọ gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún kan, tí wọ́n sì ń ròyìn ohun tí wọ́n rí fún àwọn ará ilé. Kí ni wọ́n ń lọ wá? Kí ni wọ́n máa ń sọ nígbà tí ọdún náà bá parí? Kí sì ni àwọn ọ̀dọ́ tiwa àti àwọn òbí wọn lè rí kọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Kí Ni Ọdún Àlàfo?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún ọdún kan tí ọ̀dọ́ máa ń yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ó bá parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó tó wọ yunifásítì. Gap year ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ó jẹ́ àlàfo láàárín ẹ̀kọ́ méjì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò máa pè é ní ọdún àlàfo. Àwọn kan máa ń fi í ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè rí owó kó jọ. Àwọn mìíràn máa ń fi í rìnrìn àjò. Ọ̀pọ̀ sì máa ń fi í gbé láàárín ìdílé kan nílẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n kọ́ èdè ibẹ̀, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1958 ṣe pàtàkì nínú ìtàn àṣà yìí. Ní ọdún náà, bíṣọ́ọ̀bù Portsmouth, Launcelot Fleming, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Sunday Times, ó sì pe àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọdún kan láti sìn nílẹ̀ òkèèrè. Alec Dickson àti ìyàwó rẹ̀ Mora ni wọ́n wà nídìí ètò náà, òun ni ó sì di ẹgbẹ́ VSO tí a mọ̀ lónìí. Dickson kì í ṣe àjèjì sí ìhà ọ̀dọ̀ tiwa. Ó ti kọ́kọ́ dá ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní apá Kamẹrúùnù tí wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn tí VSO kọ́kọ́ rán jáde jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 18. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà yí padà, ó wá ń rán àwọn tí wọ́n ti jáde yunifásítì àti àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyípadà náà bọ́gbọ́n mu. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gbàlejò náà fẹ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà, wọn kò fẹ́ ọmọdé tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ kankan.

Àmọ́ àṣà náà kò dúró. Lọ́dún 1967, wọ́n dá Project Trust sílẹ̀ ní ilẹ̀ Scotland, fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́dún 1975, Australia bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní físà tí wọ́n lè fi rìnrìn àjò kí wọ́n sì tún ṣiṣẹ́. Ní 2008, ìjọba Jámánì dá ètò weltwärts sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 18 dé 28, kí wọ́n lè lọ sìn ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, ìjọba sì ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ní 2009, Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà rán 20 lára àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé lọ gbé fún oṣù mẹ́sàn-án ní Gánà, Íńdíà, Peru àti Serbia, láìgba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Àní Malia, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Barack Obama, dá wíwọ yunifásítì dúró fún ọdún kan ní 2016.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n ń ṣe irú èyí o. Láti ọdún 1987 ni Nàìjíríà ti ń rán àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ lọ sìn fún ọdún méjì ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíànì àti Pàsífíìkì lábẹ́ ètò Technical Aid Corps. Láti 2013, ètò weltwärts kan náà ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ Jámánì. Nítorí náà, ọ̀nà ọ̀hún kò pa mọ́ sí apá kan ayé.

Ohun Tí Ààrin Ọdún Máa Ń Fojú Ẹni Rí

Bí a bá fetí sí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti lọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, a óò rí i pé ìtàn wọn máa ń jọra. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun gbogbo ni ó dùn. Oúnjẹ ṣàjèjì, ó sì dùn. Ọjà kún, orin ń dún, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Àmọ́ nígbà tí ó bá di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí i wá ń jọ ẹ̀fẹ̀ létí rẹ̀. Oúnjẹ tí ó dùn á sú u. Àárò ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn kan tí ń jẹ́ Kalervo Oberg kọ̀wé nípa ipò yìí lọ́dún 1960. Ó ṣàlàyé pé nínú ilé ẹni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì kéékèèké ni ó ń tọ́ wa sọ́nà láìjẹ́ pé a fura: bí a ṣe ń kí ènìyàn, ìgbà tí ó yẹ kí a gba ohun tí wọ́n fún wa, ìgbà tí ó yẹ kí a kọ̀ ọ́, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣàwàdà. Nígbà tí a bá dé ilẹ̀ àjèjì, gbogbo àmì wọ̀nyẹn á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ará á kan ẹni náà gógó, á máa bínú sí àwọn onílé, á sì máa wá àwọn tí wọ́n jọ ti ìlú kan náà wá kí wọ́n lè jọ máa ráhùn. Oberg sọ pé ẹni tí ó bá fara da á, tí ó sì kọ́ èdè ibẹ̀, á bọ́ nínú ipò náà díẹ̀díẹ̀.

Ṣáájú rẹ̀, ní 1955, Sverre Lysgaard ti tẹ ìwádìí kan jáde nípa 200 ará Norway tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó rí yani lẹ́nu. Ara tu àwọn tí wọn kò lò tó oṣù mẹ́fà, ara sì tu àwọn tí wọ́n lò ju oṣù 18 lọ. Àwọn tí wọ́n wà láàárín méjèèjì ni nǹkan ò rọgbọ fún jù.

Ẹ wá ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́ tí ó lọ fún oṣù 12. Ọdún rẹ̀ máa ń parí sí ibi tí ó le jù gan-an. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tẹ ẹ́ yín láago ní oṣù karùn-ún, tí ó ń sunkún pé òun fẹ́ padà wálé, kò fi dandan túmọ̀ sí pé ibi tí ó wà kò dára tàbí pé ọ̀lẹ ni. Ó lè jẹ́ pé ó ti kúrò ní ipò olùwòran, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlú náà ní tòótọ́. Àmọ́ ṣá o, kí òbí fara balẹ̀ gbọ́ ọ yanjú. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, tàbí pé ara rẹ̀ kò yá, tàbí pé ìbànújẹ́ rẹ̀ kò fún un lóorun mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfaradà ni ìyẹn. Kí ó wá ìrànlọ́wọ́, kí ó sì padà wálé bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun Tí Wọ́n Ní Àwọn Kọ́

Ṣé àǹfààní wà nínú gbogbo wàhálà yìí? Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ó wà. Àmọ́ ó gba àfiyèsí pé ohun tí wọ́n máa ń dárúkọ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ.

Èkíní ni èdè. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọlọ́pọlọ pípé ní kíláàsì rẹ̀ nílé á di ẹni tí ọmọ ọdún márùn-ún ń tọ́ sọ́nà. Bí ó bá fẹ́ ra iyọ̀, yóò tọ́ka sí i. Bí ó bá pe ọ̀rọ̀ kan lódì, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá lè fara mọ́ irú ìtìjú kékeré bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á kọ́ èdè, á sì tún kọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò jẹ́ fi ojú òmùgọ̀ wo àjèjì tí kò gbọ́ èdè dáadáa ní ìlú tirẹ̀.

Èkejì ni pé wọ́n mọ bí ó ti rí kí ènìyàn jẹ́ àlejò. Ọ̀dọ́ tí ó dàgbà níbi tí gbogbo ènìyàn ti jọ ọ́ lè má ronú nípa awọ ara rẹ̀ rí. Nígbà tí ó bá dé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń fọwọ́ kan irun rẹ̀, yóò wá mọ bí ó ti máa ń rí fún àwọn tí wọ́n kéré níye ní ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá tí ó lọ gbé ní abúlé kan ní Jámánì, níbi tí ó lè jẹ́ òun nìkan ni adúláwọ̀, yóò ṣe mọ̀ pé ojú tí ènìyàn fi ń wo àlejò wúwo lára ẹni tí wọ́n ń wò.

Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n rí ilé tiwọn láti òkèèrè. Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Kì í ṣe pé oko baba ẹni kò dára o. Ohun tí òwe yẹn ń sọ ni pé ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi wé e kò lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó padà wálé pẹ̀lú ìmọrírì tuntun fún ìyá tí ń sè oúnjẹ, fún omi ẹ̀rọ, fún ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Àwọn mìíràn sì rí ohun tí kò sí nílé tiwọn, irú bí ìdílé tí gbogbo wọn jọ ń jẹun pọ̀, tàbí àwọn aládùúgbò tí wọn kì í kọjá lára ẹni láìkí i.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò ṣàjèjì sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1973 ni ètò àgùnbánirọ̀ ti ń rán àwọn tí wọ́n jáde yunifásítì lọ sí ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ gbọ́ Hausa ní ọdún ìsìnlú wọn, tí wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa àwọn ará Òkè Ọya kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé náà ń lọ sí abúlé èdè Faransé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àjàrà, nítòsí Badagry, lọ́dún 1991, kí wọ́n lè máa fi èdè náà jẹun, kí wọ́n máa fi í sùn, kí wọ́n sì máa fi í jí.

Bí Ìrànlọ́wọ́ Bá Di Ìpalára

Síbẹ̀, a kò ní ṣòótọ́ bí a bá sọ apá tó dùn nìkan. Ní oṣù April ọdún 1968, Ivan Illich, tí ó jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kan sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ lọ fi ìsinmi wọn ran àwọn tálákà lọ́wọ́ ní Mẹ́síkò. Illich kò yìn wọ́n. Ó sọ fún wọn pé èrò rere nìkan kò tó, àti pé ẹni tí kò gbọ́ èdè àwọn ará abúlé kò tilẹ̀ lè mọ̀ bí àwọn ará abúlé náà bá ń kọ̀ fún òun. Ó ní kí wọ́n wá wòran, kí wọ́n wá gun òkè, kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe wá ṣèrànwọ́. Ọ̀rọ̀ náà le. Àmọ́ ó ń tọ́ka sí ewu gidi.

Ewu kan ni pé kí ọ̀dọ́ lọ, kí ó rí ìṣẹ́, kí ó sì padà wálé láìkọ́ nǹkan kan. Kate Simpson, tí ó ṣèwádìí nípa ọdún àlàfo, kọ̀wé lọ́dún 2004 pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu: wọ́n tálákà, àmọ́ wọ́n láyọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì ń tu ẹni tí ó ń sọ ọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá láyọ̀, ìdí wo ni a óò fi béèrè ohun tí ó sọ wọ́n di tálákà? Àlejò rí ẹ̀rín tí wọ́n rín sí i. Kò sí nílé nígbà tí bàbá àti ìyá ń ṣírò owó oògùn lóru. Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn káàdì 1961, nítorí ìyìn ni ó jẹ́ kì í ṣe èébú. Síbẹ̀ ìdí kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde: ẹni tí ó sọ ọ́ wò, kò sì béèrè.

Ewu kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó fẹ́ràn láti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn ọmọ òrukàn. Ta ni kò ní ṣàánú ọmọ tí kò ní ìyá? Àmọ́ ní orílẹ̀-èdè Cambodia, iye irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín ọdún márùn-ún láti 2005, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ ló ní ó kéré tán òbí kan tí ó wà láàyè. Owó tí àwọn àlejò ń mú wá ni ó ń pe àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn. Àwọn ọmọ náà á fẹ́ràn àlejò kan, á lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òmíràn á dé, òun náà á lọ. Ọkàn ọmọdé kì í gba irú ìyẹn ní àgbàpẹ́ láìfarapa. Nítorí irú nǹkan báyìí ni Australia fi ka fífi ọmọdé sí ilé ọmọ òrukàn nítorí èrè mọ́ ìfiniṣẹrú ìgbàlódé nígbà tí ó ṣòfin lórí ọ̀ràn náà lọ́dún 2018.

Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ kí ọ̀dọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe kìkì “Ta ni èmi yóò ràn lọ́wọ́?” Ó tún yẹ kí ó béèrè pé: Ta ni yóò kọ́ mi? Ta ni ó ní kí n wá? Ṣé ọmọ ìlú kan wà tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, tí ó sì ń wá owó iṣẹ́? Ta ni yóò máa bá a lọ nígbà tí mo bá padà?

Ìpadàbọ̀ Náà Ní Ìṣòro Tirẹ̀

Ohun kan tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lẹ́nu ni pé ìpadàbọ̀ lè le ju lílọ lọ. Ní 1963, tọkọtaya olùṣèwádìí kan tí ń jẹ́ Gullahorn fi kún ìwádìí Lysgaard. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tó bá padà sílé tún máa ń la irú ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ tí ó là kọjá nílẹ̀ òkèèrè kọjá.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó ń lọ sí òkèèrè ń retí pé nǹkan yóò ṣàjèjì. Ẹni tí ó ń bọ̀ nílé kò retí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ sọ ìtàn oṣù 12, àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ti yí padà, ilé náà sì ti yí padà, kò sì sẹ́ni tí ó kíyè sí èkejì rẹ̀. Abájọ tí ètò weltwärts fi ní ọjọ́ 25 fún ìdálẹ́kọ̀ọ́: apá kan kí ọ̀dọ́ tó lọ, apá kan nígbà tí ó wà níbẹ̀, àti apá kan lẹ́yìn tí ó bá padà dé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ tí ó dé láti àjò láyè kí ó sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn béèrè ohun tí ó mú bọ̀. Ẹ ní kí ó se oúnjẹ tí ó kọ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí ó dárúkọ àwọn tí wọ́n gbà á sílé, kí ẹ sì jọ tẹ wọ́n láago láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onílé bá ilé tí yóò gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ṣé Kì Í Pa Ẹ̀kọ́ Lára?

Ẹ̀rù tí ó máa ń ba ọ̀pọ̀ òbí nìyí: bí ọmọ bá dá ẹ̀kọ́ dúró, ṣé yóò padà sí i? Ní Australia, Birch àti Miller tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2007, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n ti gba ọdún àlàfo ṣe dáadáa nínú ìdánwò yunifásítì ju bí ì bá ti rí lọ. Ní 2010, Andrew Martin ti Yunifásítì Sydney rí i pé àwọn tí kò ní ìtara fún ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń fẹ́ ọdún àlàfo, àmọ́ pé ọdún náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ní ìtara.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọdún tí a kò fi lọ sílé ìwé ni ọdún àlàfo. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń jókòó sílé ní ọdún kan tàbí méjì nítorí pé wọn kò tíì rí yunifásítì wọ̀, tàbí nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, irú èyí tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Wọn kò yan ìyẹn fúnra wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ète. Bí ọ̀dọ́ kan bá tilẹ̀ ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé, tí ó sì lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan ní Kútọnu fún oṣù mélòó kan, tí ó kọ́ Faransé, tí ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tajà níbẹ̀, ó ti sọ ọdún ìdúró di ọdún ẹ̀kọ́. Kò dìgbà tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kí Ẹ Tó Di Ẹrù

Bí ọ̀dọ́ kan nínú ilé yín bá ń ronú nípa irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ jọ jókòó, kí ẹ sì béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ta ni ó ń pè é? Kí ẹ mọ orúkọ ẹgbẹ́ náà, ibi tí ó wà, àti ọdún tí ó ti wà. Kí ẹ bá ẹni tí ó ti bá wọn lọ rí sọ̀rọ̀.

Irú físà wo ni? Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ tí físà rẹ̀ kò gbà láyè lè bọ́ sọ́wọ́ òfin.

Ta ni yóò tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ó gbé e sọ́wọ́ òun, tàbí tí ó ní òun yóò san owó ọkọ̀ kí ó wá fi iṣẹ́ san gbèsè náà, ẹ sá fún un. Láti 2003 ni Nàìjíríà ti dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ni ó sì ti kó sí wọn lọ́wọ́ nípasẹ̀ ìlérí ọdún kan nílẹ̀ òkèèrè.

Ṣé ó ti ń kọ́ èdè ibẹ̀? Kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ, bó ti wù kó kéré tó. Ìkíni nìkan á ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀.

Ta ni yóò kọjú sí bí nǹkan bá burú? Kí ó ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹnì kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Bí Ó Bá Ti Dúró Pẹ́ Díẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn rúkèrúdò ọdún 1961, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni tó kù kò lọ. Ọ̀pọ̀ tí ó wá lẹ́yìn wọn di olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Nàìjíríà. Lónìí, ibùdó kan wà ní Yunifásítì Ìbàdàn fún kíkọ́ èdè Yorùbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà sì ti wá síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, àti bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò ní dun ẹni tí wọ́n ń bi. Ìlú kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ará Ìbàdàn sì ni olùkọ́ wọn.

A kò dá ọ̀dọ́bìnrin tó kọ káàdì yẹn lẹ́bi kọjá ààlà. Ọmọ ọdún 23 ni, ó jìnnà sílé, ó sì ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣé ọ̀dọ́ kan wà tí kò kọ irú rẹ̀ rí? Ohun tó ṣe é láàánú ni pé kò ní àǹfààní láti dúró títí di ọjọ́ tí ì bá bá obìnrin onídìí iná yẹn jókòó, kí ó bi í léèrè iye ọmọ tí ó bí àti ibi tí wọ́n wà. Ì bá ti kọ káàdì kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ kọ ìwé sílé, kí ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tí ẹ rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí ẹ ń kọ̀wé nípa wọn. Ẹ jẹ nínú oúnjẹ wọn, ẹ kọ́ orúkọ ọmọ wọn, kí ẹ sì bi ara yín pé: bí ìwé yìí bá bọ́ sọ́nà, tí ẹni tí ó gbà mí sílé sì kà á, ṣé màá ṣì lè wo ojú rẹ̀ lọ́la?